Ta ló ta ọfà yìí? Bí a ṣe ń ya àwòrán ipá kí ìṣirò tó bẹ̀rẹ̀

Ìbéèrè: Àpótí 4 kg wà lórí pẹpẹ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tí igun rẹ̀ jẹ́ 30°. Okùn so ó mọ́ òkúta 3 kg; okùn náà gba orí púlì (kẹ̀kẹ́ kékeré tó ń yí) kọjá lókè pẹpẹ, òkúta sì rọ̀ dirodiro ní ẹ̀gbẹ́ kejì. Kò sí fíríkṣọ̀n (ìdènà láàárín ojú pẹpẹ àti àpótí). Mo ya àwòrán ipá, mo sì ní ọfà márùn-ún lára àpótí: ìwúwo rẹ̀, ipá pẹpẹ, ìwúwo òkúta 3 kg tó ń fà á gòkè, mg sin 30°, àti ipá ìgòkè. Wọ́n ní ká wá a, ìyẹn bí eré àpótí ṣe ń yí padà. Ìdáhùn mi jẹ́ 2.45 m/s², ti ìwé jẹ́ 1.4. Mo mọ F = ma (ipá = máàsì × a) dáadáa. Níbo ni mo ti ṣì í, báwo ni mo sì ṣe lè mọ ọfà tó yẹ kó wà níbẹ̀?

Ìdáhùn: Ọfà mẹ́ta péré ló yẹ kó wà lára àpótí yẹn. Nínú márùn-ún tí ẹ yà, méjì tọ̀nà. Ìkẹta jẹ́ ti nǹkan mìíràn tí ẹ gbé wá sórí àpótí, ìkẹrin jẹ́ ohun tí ẹ ti kà tẹ́lẹ̀ tí ẹ tún wá kà lẹ́ẹ̀kejì, ìkarùn-ún kò sí níbì kankan. F = ma kò ṣẹ̀ yín. Kí ẹ tó dé ìdí rẹ̀ ni nǹkan ti wọ́.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ ya ọ̀rọ̀ méjì sọ́tọ̀, nítorí wọ́n máa ń dà pọ̀ mọ́ra. Máàsì àpótí, ìyẹn bí ohun tó wà nínú rẹ̀ ṣe pọ̀ tó, ni 4 kg. Bí a bá gbé e lọ sórí òṣùpá, 4 kg náà ni. Ìwúwo rẹ̀ ni ipá tí ayé fi ń fà á sísàlẹ̀, ìyẹn mg: máàsì (m) × g, tí g jẹ́ 9.8 m/s². 4 × 9.8 jẹ́ 39.2 Newton (N). Ipá ni ọfà dúró fún, nítorí náà Newton ni ẹ máa kọ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Bí ẹ bá rí "kg" lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọfà nínú àwòrán yín, ẹ ti mọ̀ pé àṣìṣe wà níbẹ̀.

Ohun tí wọ́n ń pè ní free body diagram kì í ṣe àwòrán ìṣẹ̀lẹ̀. Nǹkan kan ṣoṣo ló wà nínú rẹ̀, tí a yọ kúrò láàárín gbogbo ohun tó yí i ká, tí a wá fi ọfà rọ́pò ohun kọ̀ọ̀kan tó ń tì í tàbí tó ń fà á. Pẹpẹ kò sí nínú rẹ̀. Púlì kò sí níbẹ̀. Òkúta kejì kò sí níbẹ̀ pẹ̀lú. Àwòrán tirẹ̀ lọ́tọ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló máa ń ya ọfà sórí àwòrán tó wà nínú ìbéèrè gan-an, pẹ̀lú púlì àti okùn àti gbogbo rẹ̀, kí wọ́n lè fi àyè pamọ́. Ibẹ̀ ni ọfà òkúta ti ń rìn lọ bá àpótí láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni rí i.

Ọfà kì í dédé fò

Ẹnìkan ló ń ta ọfà. Kí ẹ tó ya èyíkéyìí, ẹ parí gbólóhùn yìí: "________ ló ń ti àpótí" tàbí "________ ló ń fa àpótí." Orúkọ nǹkan tó ṣeé fọwọ́ kàn ni kí ẹ fi dí àlàfo yẹn. Bí ẹ kò bá rí orúkọ fi sí i, ẹ má ya ọfà náà.

Láti rí àwọn tó ń ta ọfà láìgbàgbé ẹnikẹ́ni, ẹ fi pẹ́ńsù fa ìlà yípo àpótí nínú àwòrán ìbéèrè, kí ìlà náà sún mọ́ ọn pẹ́kípẹ́kí. Ẹ wá tẹ̀lé ìlà náà yíká, ẹ máa wo ohun tó ń fara kan àpótí. Nísàlẹ̀, pẹpẹ. Lápá òkè, okùn. Ó tán. Lẹ́yìn náà ni ẹ ó fi ayé kún un, nítorí ayé máa ń fa nǹkan láìfara kàn án. Mágínẹ́ẹ̀tì àti iná ẹ̀lẹ́tíríìkì náà lè ṣe bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n bí ìbéèrè kò bá dárúkọ wọn, ẹ má wá wọn kiri.

Ẹ jẹ́ ká wá fi márùn-ún yín wò ó. "Ayé ló ń fa àpótí": ó dára. "Pẹpẹ ló ń ti àpótí": ó dára. "Òkúta 3 kg ló ń fa àpótí": òkúta kò fara kan àpótí níbì kankan. Okùn ló fara kàn án. Ìwúwo òkúta jẹ́ ọfà tí ayé ta sí òkúta, kò sì sí bó ṣe lè fò kúrò lára òkúta kó wá ba àpótí. "Mg sin 30°": ta ló ta á? Ayé ni. Ṣùgbọ́n ayé ti ta tirẹ̀ tẹ́lẹ̀, ọ̀kan ṣoṣo ló sì ń ta sí nǹkan kan. Ìpín ọfà àkọ́kọ́ ni mg sin 30°, kì í ṣe ọfà mìíràn. "Ipá ìgòkè": kò sẹ́ni tó ta á. Ohun tí ẹ ń rò ni pé àpótí ń gòkè, nítorí náà nǹkan kan gbọ́dọ̀ máa gbé e gòkè. Okùn ni nǹkan náà. "ma" inú F = ma kì í ṣe ipá. Èsì tí gbogbo ipá jọ bí ni.

(Ẹ kò fi ọfà karùn-ún yín ṣe ìṣirò rárá. Ó hàn nínú 2.45: 29.4 yọ 19.6, ẹ pín in sí 4. Bí ẹ bá fi kún un ni, ìdáhùn yín ì bá burú jù báyìí lọ.)

Ibi tí ọfà kọ̀ọ̀kan ń kọjú sí

Ọfà ayé ń lọ sísàlẹ̀ gbọnrangandan, bó ti wù kí pẹpẹ dagun tó. Ọfà okùn, tí à ń pè ní T, ń tẹ̀lé okùn, ó sì ń kúrò lára àpótí, nítorí okùn kò lè ti nǹkan, fífà nìkan ló mọ̀. Ọfà pẹpẹ, tí à ń pè ní N (kì í ṣe N ti Newton), máa ń wà ní 90° sí ojú pẹpẹ, ó sì máa ń ti àpótí kúrò lójú pẹpẹ náà. Àṣìṣe tí mo máa ń rí jù nípa N ni kí wọ́n yà á gbọnrangandan sókè kódà lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, bí ẹni pé ó ní àdéhùn pẹ̀lú ìwúwo. Kò ní àdéhùn kankan.

Ẹ fi àmì roboto kékeré kan (dot) dúró fún àpótí. Ìdí ọfà kọ̀ọ̀kan wà lára àmì náà, orí rẹ̀ kọjú síta. Bí ọfà kan bá ń bọ̀ láti ìta wá sórí àmì náà, ìlò rẹ̀ yóò dàrú nígbà tí ẹ bá fẹ́ pín in.

Ohun kékeré kan wà tó ń gba ọ̀pọ̀ ènìyàn sílẹ̀: ẹ má ya gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ yín ní nǹkan tó jọ 45°. Bí ìbéèrè bá tilẹ̀ sọ pé 40°, ẹ yà á bíi 20°. Ní 45°, sin àti cos rí bákan náà lójú, ẹ kò sì ní mọ̀ bí ẹ bá pààrọ̀ wọn. Ní 20°, ìpín kan gùn gan-an, ìkejì kúrú, ojú yín yóò sì sọ fún yín èwo ni cos.

Pínpín ìwúwo

Lórí ilẹ̀ títẹ́, a máa ń fi x sí ìbú, y sí òró. Lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, ẹ yí méjèèjì kí x lè bá ojú pẹpẹ lọ, kí y sì wà ní 90° sí i. Àpótí kò ní fò kúrò lójú pẹpẹ, kò sì ní wọ inú rẹ̀, nítorí náà kò sí àyípadà eré kankan lójú y. Gbogbo àyípadà eré (a) wà lójú x. Okùn ti wà lórí x, N ti wà lórí y, ìwúwo nìkan la ó pín. Ẹni tó bá fi x sí ìbú lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ yóò rí ìdáhùn kan náà, ṣùgbọ́n yóò pín N, yóò pín T, yóò sì pín a pẹ̀lú. Iṣẹ́ lásán ni.

Ìwúwo 39.2 N pín sí méjì: 39.2 × sin 30° = 19.6 N ń lọ sísàlẹ̀ lójú gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, 39.2 × cos 30° = 33.9 N sì ń tẹ pẹpẹ mọ́lẹ̀. Bí ẹ kò bá dá a lójú èwo ló jẹ́ sin, ẹ rò ó pé pẹpẹ tẹ́ pẹrẹsẹ, igun di 0°. Nǹkan kì í dédé yọ̀ lórí ilẹ̀ títẹ́, nítorí náà ìpín tó ń mú un yọ̀ gbọ́dọ̀ di òdo. Sin 0° ni òdo. Cos 0° jẹ́ 1. Àyẹ̀wò yìí kò gba ìṣẹ́jú-àáyá márùn-ún, ó sì dára ju kí a há a sórí lọ, nítorí ìwé mìíràn lè wọn igun náà láti òró dípò ìbú, kí sin àti cos sì yí padà.

Ẹ fi ìlà tó ń já (dotted line) ya ìpín méjèèjì, kí ẹ sì fi ìlà wíwọ́ kan gé ọfà 39.2 kọjá láti fi hàn pé ẹ ti pín in. Bí ẹ bá fi òun àti àwọn ìpín rẹ̀ sílẹ̀ lápapọ̀ láìgé e, ẹ ó tún kà á lẹ́ẹ̀mejì. Àyípadà eré, ìyẹn a, náà ní àyè tirẹ̀: ẹ fi ọfà onílà méjì yà á sí ẹ̀gbẹ́ àwòrán, kó má ṣe fara kan àmì àpótí rárá.

Àwòrán méjì, ìdọ́gba méjì

Ní ti àpótí, ìhà òkè gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ni +:

T − 19.6 = 4a

Ní ti òkúta, ọfà méjì péré ló ní: ayé ń fà á sísàlẹ̀ pẹ̀lú 3 × 9.8 = 29.4 N, okùn ń fà á sókè pẹ̀lú T. Bí àpótí bá ń gòkè, òkúta ń sọ̀ kalẹ̀, nítorí náà ìsàlẹ̀ la ó pè ní + fún òkúta:

29.4 − T = 3a

T kan náà ló wà nínú méjèèjì nítorí a gbà pé okùn fúyẹ́ débi pé máàsì rẹ̀ kò já mọ́ nǹkan, àti pé púlì náà fúyẹ́, ó sì ń yí láìsí ìdènà. Iye a kan náà ló sì wà nínú méjèèjì nítorí okùn kì í nà: bí òkúta bá lọ sísàlẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà kan, àpótí gbọ́dọ̀ gòkè ní sẹ̀ǹtímítà kan. Ẹ ro ìdọ́gba méjèèjì pọ̀, T yóò pa ara rẹ̀ rẹ́: 9.8 = 7a, a = 1.4 m/s². Ẹ fi í padà: T = 19.6 + 5.6 = 25.2 N. Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò pẹ̀lú ìdọ́gba kejì: 29.4 − 25.2 = 4.2, ó sì bá 3 × 1.4 mu.

Ẹ wo T dáadáa: 25.2, kì í ṣe 29.4. Ẹ̀yin fi 29.4 sí ipò okùn. Bí okùn bá ń fa òkúta sókè pẹ̀lú 29.4 N, tí ayé náà sì ń fà á sísàlẹ̀ pẹ̀lú 29.4 N, kí ni yóò wá mú òkúta náà sọ̀ kalẹ̀? Ipá okùn gbọ́dọ̀ kéré ju ti ayé lọ kí òkúta tó lè máa yára sí i. Òkúta tó bá dúró jẹ́ẹ́, tàbí tó ń lọ lórí eré kan náà láìyí padà, ni T rẹ̀ máa ń bá ìwúwo rẹ̀ dọ́gba.

Bí fíríkṣọ̀n bá wọ̀ ọ́

Ìbéèrè yín ní kò sí fíríkṣọ̀n, ṣùgbọ́n èyí tó tẹ̀ lé e nínú ìwé yín yóò ní in dájúdájú. Fíríkṣọ̀n ni ìdènà tí ojú méjì tó fara kan ara wọn ń ṣe. Pẹpẹ náà ló ń ta ọfà rẹ̀, nítorí náà pẹpẹ kan lè ta ọfà méjì: N ní 90°, fíríkṣọ̀n lójú pẹpẹ fúnra rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká sọ pé μ (nọ́ńbà tí a ń sọ di púpọ̀ pẹ̀lú N láti rí òpin fíríkṣọ̀n) fún ohun tó dúró jẹ́ 0.3. Ọ̀pọ̀ ènìyàn yóò sáré ṣe 0.3 × 33.9 = 10.2 N, wọn yóò fi kún ìdọ́gba àpótí, wọn yóò sì rí i pé a jẹ́ −0.06: pé àpótí, tí wọ́n sọ pé ó ń gòkè, ń sọ̀ kalẹ̀! Fíríkṣọ̀n kò lè ti àpótí tó dúró kó máa rìn. 10.2 N yẹn ni òpin ohun tó lè ṣe, kì í ṣe ohun tó ń ṣe. Ohun tó yẹ ká kọ́kọ́ bèèrè ni pé: eélòó ni yóò gbà kí nǹkan méjèèjì dúró sójú kan? 29.4 − 19.6 = 9.8 N. Ó kéré ju 10.2 lọ, nítorí náà wọn kò ní kúrò lójú kan. Fíríkṣọ̀n jẹ́ 9.8 N gan-an, kò lé, kò dín, T sì jẹ́ 29.4 N. Wàyí o, nọ́ńbà yín ti tọ̀nà, ṣùgbọ́n nínú ìbéèrè mìíràn.

Bí μ bá wá jẹ́ 0.2, fún ohun tó dúró àti èyí tó ń yọ̀, òpin rẹ̀ di 6.8 N. Kò tó 9.8, nǹkan yóò rìn. Àpótí ń yọ̀ gòkè, fíríkṣọ̀n ń fà á sísàlẹ̀: 29.4 − 19.6 − 6.8 = 3.0, a = 0.43 m/s².

N kì í ṣe mg

Fún àpótí orí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ wa, N jẹ́ 33.9, mg jẹ́ 39.2. Lórí ilẹ̀ títẹ́ pàápàá, ẹ má fọkàn tán an. Àpótí 5 kg wà nílẹ̀ títẹ́, ìwúwo rẹ̀ 49 N. Okùn ń fà á pẹ̀lú 20 N, okùn náà sì gbé sókè ní 30° sí ilẹ̀. μ jẹ́ 0.2. Okùn ń fa àpótí síwájú pẹ̀lú 20 cos 30° = 17.3 N, ó sì ń gbé e sókè díẹ̀ pẹ̀lú 20 sin 30° = 10 N. Ilẹ̀ kò ní láti ru gbogbo 49 mọ́. N jẹ́ 39. Fíríkṣọ̀n jẹ́ 7.8 N, a jẹ́ 1.9 m/s². Ẹni tó bá fi N = 49 yóò rí fíríkṣọ̀n 9.8 N àti a = 1.5. Ẹ wá yí i padà: dípò okùn, ọ̀pá ló ń ti àpótí náà láti ẹ̀yìn, pẹ̀lú 20 N kan náà, tó dagun sísàlẹ̀ ní 30°. N di 59, fíríkṣọ̀n di 11.8, a sì já sí 1.1 péré. Ìdí nìyẹn tí fífà ẹrù tó wúwo fi rọrùn ju títì í lọ.

N kò ní fọ́múlà tirẹ̀. Inú ìdọ́gba y la ti ń rí i, lọ́jọ́ kọ̀ọ̀kan. Ẹni tí máàsì rẹ̀ jẹ́ 60 kg tó dúró nínú lífìtì tó ń yára gòkè ní 2 m/s², N rẹ̀ jẹ́ 60 × 11.8 = 708 N, bẹ́ẹ̀ ìwúwo rẹ̀ kò kúrò ní 588.

Ibi tí èrò pé N = mg ti ń wá, mo rò pé òfin kẹta Newton, èyí tó tẹ̀ jáde ní 1687, ni wọ́n ṣì lóye: pé bí nǹkan kan bá ti ìkejì, ìkejì ń tì í padà bákan náà. Wọ́n wá rò pé N ni èsì ìwúwo. Ẹ lo gbólóhùn wa. Ìwúwo: ayé ń fa àpótí. Ẹ yí i sódì: àpótí ń fa ayé. N: pẹpẹ ń ti àpótí. Ẹ yí i sódì: àpótí ń ti pẹpẹ. Ìkejì ọfà kọ̀ọ̀kan wà lára nǹkan mìíràn, kò sì lè wà nínú àwòrán kan náà láé.

Gbólóhùn kan náà ni yóò bá yín yanjú bọ́ọ̀lù tó ti kúrò lọ́wọ́ ẹni tó jù ú: ọwọ́ kò kàn án mọ́, nítorí náà kò sí "ipá ìjù", ayé nìkan ló kù (àti afẹ́fẹ́, bí wọ́n bá ní kí ẹ kà á). Òkúta tí a fi okùn yí láàárín afẹ́fẹ́ náà ní ọfà okùn àti ọfà ayé. Èyí tí wọ́n ní ó ń jù ú síta kò ní ẹni tó ta á.

Kí ẹ tó kúrò nídìí ìbéèrè yín, ẹ pààrọ̀ òkúta 3 kg sí 2 kg, kí ẹ ya àwòrán méjèèjì láti ìbẹ̀rẹ̀. Ìwúwo rẹ̀ jẹ́ 19.6 N, a sì gbọ́dọ̀ di òdo. Ẹ tún pààrọ̀ rẹ̀ sí 1 kg: a yóò jẹ́ −1.96, T yóò jẹ́ 11.76 N. Àmì − yẹn kì í ṣe àṣìṣe. Ó kàn ń sọ pé àpótí ń sọ̀ kalẹ̀, òdìkejì ohun tí a rò. Níwọ̀n ìgbà tí kò sí fíríkṣọ̀n, ẹ lè gba ìdáhùn náà bẹ́ẹ̀. Bí fíríkṣọ̀n bá wà, ẹ má gbà á: ọfà rẹ̀ ti kọjú sí ibi tí kò yẹ láti ìbẹ̀rẹ̀, ẹ ó sì ní láti yí i padà nínú àwòrán, kí ẹ tún ìdọ́gba kọ.